Títì Tó Wọ Bàtà

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Potogí tó ń jẹ́ calçar. Ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, calçar ló ṣe. Dókítà tó ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, òun náà ṣe calçar. Tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀, bí o bá fi pákó pẹlẹbẹ tì í lábẹ́, calçar lo ṣe fún un. Bí ìjọba bá wá kó òkúta dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ tò ó mọ́ ara wọn títí ẹnikẹ́ni ò fi rí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á lò. Títì olókúta ni rua calçada. Títì tó wọ bàtà nìyẹn. Ẹni tí kò wọ bàtà, òun ni descalço.

Mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tipẹ́. Ibi tó ti wọ̀ mí létí gan-an ni Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Pelourinho, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá níbẹ̀ ti họ àwọn òkúta yẹn dán, bí omi bá sì kàn án, àfi bí ẹni ń rìn lórí ilá. Mo rọra ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń fọwọ́ ti ògiri. Ìyá kan tó jókòó ti agbada àkàrà rẹ̀ ń wò mí. (Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà níbẹ̀, Yorùbá ò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ibi tó ti wá fún un.) Ó wo bàtà mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní: "Títì wọ bàtà, ọmọ mi. Ìwọ ni o ò wọ̀ ọ́."

Àwàdà ni. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ló ti jẹ. Ká ní ibòmíràn ló ti sọ ọ́, ǹ bá rẹ́rìn-ín kí n máa bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n Pelourinho ni.

Òpó tí wọ́n ń so ènìyàn mọ́ nà ní gbangba ló ń jẹ́ pelourinho. Wọ́n ti hú òpó náà kúrò tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ló kù tí wọ́n fi ń pe àdúgbò. Ní 1985, àjọ UNESCO kọ àárín ìlú àtijọ́ Salvador mọ́ àwọn ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò, àwọn àlejò sì ń tú wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ láti wá ya fọ́tò ilé aláwọ̀ mèremère àti títì olókúta. Àwa ò dé ibẹ̀ bí àlejò ní tiwa. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, ọkọ̀ ojú omi kó àìmọye ènìyàn wa lọ sí Bahia. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ó di 1850 kí òfin tó dí ọ̀nà kíkó ẹrú wọ Bràsíl ní tòótọ́, oko ẹrú fúnra rẹ̀ ò sì tú ká níbẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888. Ilẹ̀ yìí ló kẹ́yìn ní gbogbo Amẹ́ríkà, àríwá àti gúúsù.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń dá ẹrú mọ̀ ní Bràsíl. Olówó lè dáṣọ tó gbayì fún ẹrú tó ń tẹ̀lé e kiri, kóòtù onísíliki, fìlà gogoro, bọ́tìnnì tó ń dán. Wo ìsàlẹ̀, wàá rí ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Àwọn fọ́tò ìgbà náà wà títí dòní, ohun kan náà ni wọ́n ń fi hàn: ọmọ olówó wọ bàtà, obìnrin tó gbé e pọ̀n kò wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí bàtà fi jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ẹni tó bá ra ara rẹ̀ padà máa ń kọ́kọ́ wá. Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn mìíràn wà tí ẹsẹ̀ wọn ti fẹ̀ débi pé kò sí bàtà tó gbà á mọ́, tí wọ́n á sì so bàtà náà kọ́ èjìká tàbí kí wọ́n mú un lọ́wọ́ káàkiri ìlú kí aráyé lè rí i. Ẹni tó sọ ìtàn yìí fún mi ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Bàtà ọwọ́ yẹn, ìwé òmìnira ni.

Àwọn títì kan sì wà ní Salvador tí wọ́n ti wọ bàtà fún kí ẹnikẹ́ni lára àwọn tó ń ru ẹrù gorí wọn tó ní tiẹ̀.

Ẹrù ló sì gbé púpọ̀ nínú wọn dé orí títì. Ìlú alájà méjì ni Salvador: èbúté àti ilé ìtajà wà nísàlẹ̀, ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé olówó wà lókè, òkè gíga ló sì pín wọn níyà. Ladeira ni wọ́n ń pe títì tó gun òkè bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀rọ Elevador Lacerda tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ènìyàn lọ sókè sódò ní 1873, èjìká àti orí ni ohun gbogbo ń bá gòkè: àgbá ọtí, àpótí ṣúgà, dùùrù, àti ènìyàn fúnra rẹ̀, nítorí olówó kì í fẹsẹ̀ rìn. Orí àga tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá gbọọrọ ló ń jókòó sí, alábàárù méjì á gbé e léjìká. Ọ̀kan lára àwọn ladeira yẹn ń jẹ́ Ladeira da Preguiça, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀lẹ. Ìtàn tí wọ́n ń pa nípa rẹ̀ ni pé àwọn tó dúró lójú fèrèsé ló ń pariwo "ọ̀lẹ! ọ̀lẹ!" sí àwọn ẹrú tó ń ti ẹrù gòkè. Ẹni tó jókòó ló ń pe ẹni tó ń làágùn lọ́lẹ. Orúkọ náà ò tíì kúrò lára títì yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní oríta kọ̀ọ̀kan ni àwọn alábàárù wọ̀nyí máa ń kóra jọ sí, wọ́n ń pe ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní canto, oníkálukú ló sì ní ọ̀gá tirẹ̀. Nagô ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1857, ìjọba ìlú ṣòfin pé kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n mú onídùúró wá, kí wọ́n sì so irin pẹlẹbẹ onínọ́ńbà mọ́ ọrùn. Wọ́n jókòó sílé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ẹrù ò kúrò ní èbúté. Ẹrú àti ẹni tó ti di òmìnira ló jọ daṣẹ́ sílẹ̀ yẹn, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò tíì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Bràsíl. Ìjọba fagi lé owó náà. Èmi máa ń ronú nípa bí títì ṣe dákẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, tí òkúta wà níbẹ̀ tí kò sí àtẹ́lẹsẹ̀ lórí rẹ̀.

Ohun mìíràn tó wà níbẹ̀, tí mi ò lè fò dá: bí o bá sọ̀ kalẹ̀ tán ní Pelourinho, títì tí o máa já sí ni Baixa dos Sapateiros. Sapateiro ni ṣúmékà. Àfonífojì àwọn ṣúmékà nìyẹn, àwọn tó ń ránbàtà ló kún ibẹ̀ nígbà kan. Ìjọba ti fún títì náà ní orúkọ olóṣèlú kan, J. J. Seabra, ó sì wà lára pátákó. Dúró níbẹ̀ kí o béèrè J. J. Seabra, wàá rí bí wọ́n á ṣe máa wò ọ́. Lókè, òpó tí wọ́n ti ń na ẹlẹ́sẹ̀ lásán. Nísàlẹ̀, ìsọ̀ àwọn tó ń ṣe bàtà. Àárín wọn kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀.

Àwa kì í wọ bàtà fún ọ̀nà. A máa ń tẹ́ ẹ ni, bí a ti ń tẹ́ ẹní: wọ́n fi òkúta tẹ́ àgbàlá rẹ̀. Èyí tí wọ́n da ọ̀dà sí, títì ọlọ́dà. Èyí tó wá gbòde nílé báyìí, òkúta sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tò síwájú ilé, sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé epo, ìńtálọ́ọ̀kì ni gbogbo wa ń pè é. Mi ò tíì pàdé bíríkìlà tó pè é ní nǹkan mìíràn. Nínú "tẹ́," àlejò ni ọkàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ni a tẹ́ ẹ dè. Calçar kò ro ti àlejò. Ó sọ títì fúnra rẹ̀ di ẹlẹ́sẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ láṣọ ẹsẹ̀. Mi ò sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí bàtà ti jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń mọ ọmọ ènìyàn yàtọ̀ sí ẹrù, títì tó wọ bàtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Oríṣi títì olókúta kan wà tí orúkọ rẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Pé de moleque. Òkúta tí wọn ò gbẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ńlá àti kékeré, roboto àti pẹlẹbẹ, tí wọ́n kàn rì mọ́ ilẹ̀ láìlo sìmẹ́ǹtì. Ìlú Paraty, láàárín Rio de Janeiro àti São Paulo, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Èbúté ni Paraty nígbà tí wúrà Minas Gerais ń gba ọ̀nà òkè sọ̀ kalẹ̀ wá sí òkun, ẹrú ló sì to òkúta sí ọ̀nà wúrà yẹn. Àárín títì inú ìlú náà rì díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí òṣùpá bá ti kún, tí òkun sì wú, omi á gba ojú ihò ògiri etí òkun wọlé, á ṣàn gba orí òkúta, á tún padà síbi tó ti wá. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dí ẹnu títì kí ọkọ̀ má baà wọ ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ wọ̀ ọ́, àánú rẹ̀ ni yóò ṣe mí.

Pé ni ẹsẹ̀. Moleque wá láti èdè Kimbundu ti Àǹgólà, ọmọdékùnrin ló túmọ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tó dé Bràsíl, ó di orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọkùnrin dúdú tó jẹ́ ẹrú. Lónìí, ìyá lè pe ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe ìpáǹle bẹ́ẹ̀ kó máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí o bá pe àgbàlagbà dúdú ní moleque, múra ìjà. Ẹsẹ̀ ọmọ ẹrú, orúkọ títì nìyẹn. Àwọn kan ní ó jẹ́ nítorí pé òkúta náà rí gbágungbàgun bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà rí. Àwọn mìíràn ní ìpápánu ló ya orúkọ, nítorí ìpápánu kan wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ̀pà tí wọ́n dì mọ́ inú ṣúgà ìrèké dúdú tó gan, bí o bá sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì Paraty, wàá rí i pé wọ́n jọra. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ́ tónítóní yóò wá sọ fún ọ pé àwọn obìnrin tó ń ta ìpápánu yìí ló máa ń kígbe mọ́ ọmọ tó ń jí i pé "Pede, moleque!", ìyẹn "Béèrè, ọmọ!" Ìtàn yẹn dùn létí. Mi ò gbà á gbọ́. Ó ti mọ́ jù, ó sì yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló ń dun ènìyàn.

Àwọn ará Yúróòpù ní tiwọn, orí ni wọ́n ń rí. Kinderkopjes ni àwọn Dutch ń pè é, orí àwọn ọmọ kéékèèké. Jámánì so orí mọ́ òkúta nínú orúkọ tirẹ̀, Kopfsteinpflaster. Orí ológbò ni àwọn ará Poland sọ ọ́ dà. Bí òkúta roboto bá yọ láti inú ilẹ̀, ó yé mi pé ó lè dà bí orí lójú ẹni tó ń wò ó láti òkè. Ní Bahia náà wọ́n ní ti orí, òun ni wọ́n sì fi ń pe irú òkúta tó wà ní Pelourinho: cabeça-de-nego, orí ènìyàn dúdú. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu afinimọ̀nà kan tó jẹ́ dúdú bí tèmi, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀. Ojú ìwé tí mo kọ ọ́ sí, mo fà á ya. Inú ilé tí wọ́n ti ń bọ orí ni wọ́n ti tọ́ mi. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá há fún wa, orí la ń bẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè wá sọ fún mi pé orí ni mo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ sí ọjà.

Mo wá ń béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ta ló ń to òkúta gan-an, níbi gbogbo. Ní Lisbon, òkúta dúdú àti funfun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Pọ́rtúgàl, ẹlẹ́wọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1842, ọ̀gágun Eusébio Furtado tó ń ṣàkóso ilé olódi São Jorge ló ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tò ó wọ́gọwọ̀gọ síbẹ̀. Ó wu aráàlú, wọ́n tò ó sí gbàgede Rossio lẹ́yìn náà bí ìgbì òkun, ìgbì yẹn náà ló rìn títí dé etíkun Copacabana ní Rio, tí Roberto Burle Marx, ayàwòrán ọgbà, tún un yà ní 1970. Àwọn arìnrìn-àjò ń ra fìlà àti ife tí wọ́n ya ìgbì náà sí lára.

Kí á má sì ṣe bí ẹni pé ilé tiwa mọ́. Ilé-Ifẹ̀ ti ní títì àti àgbàlá tí wọ́n tẹ́ dáadáa ní ohun tó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn. Àpáàdì ni wọ́n lò, wọn ò sì tò ó ní pẹlẹbẹ. Etí ni wọ́n fi gún un dúró, ìlà kan dojú kọ ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e dojú kọ òsì, nígbà mìíràn òkúta funfun wẹ́wẹ́ á la àárín wọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí i ní Ìta Yemòó àti káàkiri ìlú. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Luwoo ló pàṣẹ rẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo tó gorí ìtẹ́ Odùduwà, nítorí pé ó kórìíra kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Ta ló ṣiṣẹ́ náà? Bí wọ́n ti ń pa á nítàn, ẹni tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń ní kó lọ sun amọ̀, kó sì tẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ kan ẹrẹ̀, ọwọ́ ọ̀daràn ló sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọba. Àpáàdì Luwoo ni a ṣì ń pè é títí dòní. Orúkọ ẹni tó ní ẹsẹ̀ ló dúró.

Mo fi èyí ro ti pé de moleque, mo sì rí i pé orúkọ yẹn nìkan ló yàtọ̀ nínú gbogbo wọn. Kò jẹ́ orúkọ gómìnà. Diamantina ní Minas Gerais ní òkúta pẹrẹsẹ tí wọ́n tò sí àárín títì, capistrana ni wọ́n ń pè é, nítorí gómìnà kan tó ń jẹ́ Capistrano. Kò jẹ́ orúkọ ìwé bíi paralelepípedo, òkúta tí wọ́n gbẹ́ onígun mẹ́rin, tí ọmọ ilé ìwé Bràsíl fi ń dán ahọ́n ara wọn wò. Orúkọ ọmọ tó rìn lórí rẹ̀ ni. Wọ́n fi ṣẹ̀sín ni, mo mọ̀. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá sọ pé kí wọ́n pa orúkọ náà rẹ́ kó má baà bí ẹnikẹ́ni nínú, èmi ò ní bá a fọwọ́ sí i. Orí ènìyàn dúdú ni kí wọ́n pa rẹ́, mi ò ní sunkún. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọmọ yẹn sílẹ̀ níbi tó wà.

Ní Pọ́rtúgàl, calçada ṣì ni òkúta náà, tàbí títì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n tò ó sí. Calçada da Glória wà ní Lisbon, ó ga débi pé wọ́n ṣe ọkọ̀ onírin tí yóò máa fà ènìyàn gòkè. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sọdá sí Bràsíl, ó kúrò láàárín títì, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Calçada ni ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ìbáà jẹ́ òkúta tàbí sìmẹ́ǹtì. Àárín títì ti di ti ọ̀dà, asfalto, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Rio tún sọ di orúkọ àwọn tó rí ṣe: ẹni tó ń gbé orí òkè, nínú ahéré, jẹ́ ti morro, ẹni tó ń gbé níbi tí ìjọba ti da ọ̀dà, ti asfalto ni.

Ó sì wá ku ọ̀rọ̀ àwọn tí òkúta ń pa lára. Arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ gbọ́ ìtàn láti ẹnu mi. Àwọn ìlú kan ti ń ká òkúta ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń da kọnkéré sí i, àwọn tó fẹ́ràn ẹwà sì ń bínú. Ẹ fi òkúta Pelourinho àti ti Paraty sílẹ̀, ẹ la ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́jú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó nílò rẹ̀. Mi ò rí ìjà nínú ìyẹn. Ìyókù, ní ọ̀pọ̀ ìlú Bràsíl, onílé ni òfin dì í lé lọ́wọ́ kó tún calçada iwájú ilé rẹ̀ ṣe. Onílé yìí lẹ táìsì dídán mọ́ ọn, aládùúgbò rẹ̀ da sìmẹ́ǹtì, ẹni tó tẹ̀ lé e to òkúta dúdú àti funfun nígbà ayé bàbá rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti hú, ilé tó kángun kò ṣe nǹkan kan rárá. Kí o tó dé igun títì, ọ̀nà ti pààrọ̀ bàtà bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kò sì sí méjì tó bára mu níbẹ̀.